Ẹ Rẹ́rìn-ín Kí N Tó Ṣílẹ̀kùn

Mo ti hùwà òmùgọ̀ láìmọye ìgbà láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo hù lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ikrimah ní Seat Pleasant, ní Amẹ́ríkà, láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ló gba ipò kìíní. Èmi nìkan kọ́ o. Àwa mẹ́ta ni, ẹni tó dàgbà jù nínú wa sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá sọ ọ́ tán, ó sì tọ́ sí wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́, nítorí òun lọ̀rọ̀ kàn.

Kúlísúmù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Lọ́dún 1995 ni ọkọ rẹ̀ jẹ físà lọ́tìrì, tí wọ́n kó wá sí Maryland pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun fún wọn, Ikrimah, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Ọdún kẹrin tí wọ́n dé ni ọkọ sùn tí kò jí mọ́. Àwọn èèyàn ní kó máa lọ sílé, ó ní ta ni yóò máa mú ọmọ òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó wá iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Upper Marlboro. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà bó, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ń bú wọn tí wọn ò bá jẹun. Àwọn arúgbó náà fẹ́ràn èébú rẹ̀ débi pé tí kò bá sí níbi iṣẹ́, àwọn míì nínú wọn kì í lanu fún ẹlòmíì.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Awakọ̀ takisí ni mí, mo sì rò pé mo ní sùúrù, àfìgbà tí mo gbé obìnrin yìí jókòó sídìí sítíárìn. Ó fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi ha ògiri, ó wá yíjú sí mi pé, "Bàbá Humaira, ta ló kọ́ ògiri síbí?" Humaira lorúkọ ọmọ mi àgbà, ohun tó ń fi pè mí nìyẹn.

Ohun kan wà tí kò lè gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni kí èèyàn sọ fún un pé "tó bá yá." Tó o bá ní wàá wá kí òun tó bá yá, á ní, "Sátidé ni àbí Sọ́ńdè?" Kàlẹ́ńdà ńlá kan wà lára ògiri kíṣìnnì rẹ̀, irú èyí tí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra èlùbọ́ máa ń fún àwọn oníbàárà lọ́dọọdún. Àràárọ̀ tó bá kírun Àsùbáà tán ló máa ń fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ àná. Kì í fagi lé ọjọ́ tí kò tíì parí. Mo bi í nídìí rẹ̀, ó ní ọjọ́ téèyàn ò tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀, kéèyàn má fi bírò kàn án.

Ikrimah parí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún 2005, ó sì lọ wọṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà láìsọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé àwọn á rán an lọ sí yunifásítì tó bá parí. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó sunkún, ó bú u, ó sì wá ṣàdúà fún un. Wọ́n sọ ọ́ di mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ńláńlá ṣe ní Germany, ọkàn ìyá sì balẹ̀ díẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà ò pé ọdún kan. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2006, wọ́n kó wọn lọ sí Ìráàkì.

Àwa Mùsùlùmí Yorùbá tó wà lágbègbè wa máa ń pàdé láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè fún àsàlátù, ìyẹn àpéjọ àdúà wa. Alhaji Gbádégẹṣin ni ààrẹ, Taofeek ni igbákejì rẹ̀, èmi ni akọ̀wé. Gbogbo ìgbà tí a bá béèrè Ikrimah, Germany ni ìyá rẹ̀ ń sọ pé ó wà. Èmi nìkan ló sọ òtítọ́ fún, torí èmi ni mo máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ tí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀nà Upper Marlboro sì gùn tó láti tú ọkàn ẹni. Ó ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Ojú tún ń tì í. Àwọn ará Ìráàkì náà ń kírun, ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Fátíhà ló wá gbé ìbọn lọ dúró sórí ilẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ kan, nínú mọ́tò mi, ọmọ náà pè é, ó sì jẹ́ kí èmi náà gbọ́.

"Mommy, there's a mosque right outside our gate," Ikrimah sọ. "Mo máa ń gbọ́ ìpe ìrun, five times. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí wa, they run inside. Àwọn ìyá á máa fa àwọn ọmọ wọn wọlé because of me."

"Ṣé ò ń jẹun?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀ ló tó sunkún.

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù jù fún mi. Ó ní tí ọmọ ẹni bá kú sójú ogun, àwọn sójà kì í fi fóònù sọ ọ́. Àwọn méjì ni wọ́n máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọn wá kanlẹ̀kùn.

"Bíi tiwa," mo sọ fún un. "Àwa náà kì í fi fóònù túfọ̀."

"Bíi tiwa gan-an," ó dáhùn. Ẹ rántí pé mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Oṣù méjìlá ni ó yẹ kí Ikrimah lò. Ìyá rẹ̀ ti fi bírò pupa ya róbótó yí oṣù Kẹjọ ká lórí kàlẹ́ńdà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ìjọba kéde pé àwọn sójà tó wà níbẹ̀ á fi oṣù mẹ́ta kún un. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ikrimah dìde láàárín àsàlátù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo parọ́ fún yín. Ọmọ mi ò sí ní Germany. Ìráàkì ló wà. Wọ́n dá ọjọ́ fún mi, wọ́n sì tún yẹ ọjọ́ náà. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun." Kò sẹ́ni tó bá a wí. Àwọn obìnrin gbá a mọ́ra, Alhaji Gbádégẹṣin sì ṣàdúà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Aṣòfin kan wà ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nígbà náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti ṣe tíṣà ìṣirò rí. Ó gbé àbá kan wá pé kí jíjókòó tí àwọn ológun Amẹ́ríkà jókòó sórí ilẹ̀ Ìráàkì dópin. Ó ní kí sójà tó kẹ́yìn kúrò níbẹ̀ kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, kí wọ́n má ṣe fi bárékè kankan sílẹ̀, kí àwọn onílẹ̀ gba ilẹ̀ wọn, kí Amẹ́ríkà sì bá wọn tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Ó ń lọ káàkiri láti gbọ́ tẹnu àwọn òbí sójà, ó sì kan tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹnì kan láti ọ́fíìsì rẹ̀ pe Alhaji Gbádégẹṣin. Wọ́n fẹ́ ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ṣé a mọ ìyá sójà kankan tó lè sọ̀rọ̀?

Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní kí n pe Ìyá Ikrimah lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Alhaji wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

"Mùtàlíbù, irú ọ̀rọ̀ báyìí? Orí fóònù? Èèyàn ńlá ni wọ́n ní ká lọ bẹ̀. Tí a bá kírun Àsùbáà tán, a óò jọ lọ bá a nílé. Ọ̀rọ̀ tó bá tóbi, àárọ̀ là ń lọ sọ ọ́."

Mo gbà. Ó tọ́ létí mi, àṣà wa ni. Tí o bá fẹ́ tọrọ ohun ńlá lọ́wọ́ èèyàn, o ò ní jẹ́ kó jáde nílé kó o tó débẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ funfun, a dé fìlà, a sì gun àtẹ̀gùn dé ilẹ̀ kẹta ilé tó ń gbé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ kò tíì lù. Taofeek kanlẹ̀kùn.

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ihò kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn wọn tí wọ́n fi ń yọjú wo ẹni tó wà níta. Mo rí i tí ihò náà ṣókùnkùn, mo mọ̀ pé ó ń wò wá. Àkókò yẹn gan-an ni Alhaji Gbádégẹṣin, tí àtẹ̀gùn ti mú làágùn, ṣí fìlà rẹ̀ kó lè nu orí.

Ìmọ́lẹ̀ padà sínú ihò náà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ó béèrè láti inú ilé.

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá Ikrimah," mo dáhùn. "Ẹ kàn ṣílẹ̀kùn ná."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Ta ni Yorùbá tí kò mọ "kò sí nǹkan kan" yẹn? Nígbà tí bàbá mi kú n'Íbàdàn, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nìyẹn: kò sí nǹkan kan, Bàbá kàn ní kó o máa bọ̀ wálé. Kó o tó dé ibùsọ̀ ọkọ̀, o ti mọ̀ pé bàbá ò sí mọ́. Àgbà mẹ́ta nínú aṣọ funfun, láfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀kan ti ṣí fìlà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kí la fẹ́ kí ìyá sójà rò?

"Ẹ máa lọ," ni Ìyá Ikrimah sọ. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Ẹ má sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ ọ́. Tí ẹ ò bá tíì sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀."

A gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ́ sísàlẹ̀ lára ilẹ̀kùn títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìyá Ikrimah," Alhaji sún mọ́ ilẹ̀kùn, "ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ gbà f'Ọ́lọ́hun."

"Alhaji, ẹ dákẹ́!" mo pariwo. N kò sọ fún àgbà rí pé kó dákẹ́, àmọ́ ẹ gbà f'Ọ́lọ́hun kẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ọlọ́fọ̀! Aládùúgbò rẹ̀, obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan, yọrí jáde pé ṣé kò séwu. Taofeek dá a lóhùn pé, "Everything is fine, ma," pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ti ìsìnkú bọ̀.

Inú bí mi. Ara mi ló bí mi nínú jù. Mo fi ẹnu kan ilẹ̀kùn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá Ikrimah, ọmọ yín wà láàyè! A ò gbọ́ ohun kankan nípa rẹ̀! Aṣòfin kan ló fẹ́ kí wọ́n kó wọn padà wálé, ó ní ìpàdé ní aago mẹ́ta, wọ́n ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wàláì, ìyẹn la bá wá!"

"Ẹ lè búra nítorí kí n lè ṣílẹ̀kùn," ó dáhùn. "Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ní ká ṣe kí ni?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín kí n gbọ́. Ẹni tó gbé ikú ọmọ mi wá ò lè rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà mi."

A wo ara wa. Ṣé ẹ ti gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín láfẹ̀mọ́júmọ́ rí, kí inú yín bàjẹ́, kí aládùúgbò sì máa wò yín? Taofeek kọ́kọ́ ṣe "hẹ̀, hẹ̀," bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Mo gbìyànjú tèmi, kò dáa ju tirẹ̀ lọ. Alhaji Gbádégẹṣin wá di fìlà rẹ̀ mú, ó la ẹnu, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń gbó "kú, kú, kú" bíi jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ tan. Mo wojú Taofeek, Taofeek wojú mi, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín gidi gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Taofeek jókòó sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin aládùúgbò náà, tí kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa rín in.

Ilẹ̀kùn ṣí. Híjáàbù ìrun ṣì wà lórí rẹ̀, bírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀mẹta, ó bú mi pẹ̀lú ìyá tó bí mi, ó wá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe "Alhamdulilláhì." Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo lè fò láti ilẹ̀ kẹta yẹn.

Nígbà tó ti po tíì fún wa tán, ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní fóònù ni?"

Gbogbo wa ló ní in. Taofeek ní méjì.

Alhaji wá ṣàlàyé àbá aṣòfin náà fún un. Ó kọ́kọ́ mi orí pé òun ò lọ. Ó ní Ikrimah ti kìlọ̀ fún òun kí òun má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ṣé ọjọ́ wà nínú òfin yẹn?"

"Ọjọ́ wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án."

"Kì í ṣe tó bá yá?"

"Kì í ṣe tó bá yá, Ìyá Ikrimah."

"Ẹ padà wá gbé mi ní aago méjì," ó sọ. "Kí ẹ sì fi fóònù pè mí kí ẹ tó wá."

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé náà kún. Aṣòfin jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin kan dìde, ó ní àbá yẹn á fa wàhálà, pé tí Amẹ́ríkà bá kúrò báyìí gbogbo nǹkan á túká, pé ká dúró kí nǹkan fara balẹ̀ ná. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ikrimah na ọwọ́. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní Gẹ̀ẹ́sì tí òun fi ń wẹ̀ fún arúgbó ò tó èyí tí òun fẹ́ sọ. Ó ní kí èmi dúró tì í, kí n máa túmọ̀ rẹ̀.

Mo rò pé á sọ ti ọmọ rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn," ó ní. "Bọ̀dá Adékúnlé. Wọ́n ní àwọn wá ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é. Wọ́n dé, wọ́n yí àga pálọ̀ mi padà. Wọ́n yan ohun tí a ó máa wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi kì í jáde ní yàrá mọ́. Èmi náà, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí fún wákàtí kan kí n tó lè wọ inú ilé ara mi."

Mò ń túmọ̀, ojú ń tì mí. Mo rò pé ó ti ṣìnà. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Aṣòfin ò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́.

"Tí mo bá béèrè ìgbà tí wọ́n máa lọ, wọ́n á ní tí nǹkan bá ti fara balẹ̀ nínú ilé yìí ni àwọn máa lọ. Oṣù mẹ́rìnlá. Nǹkan ò sì fara balẹ̀, torí àwọn gan-an ni kò jẹ́ kó fara balẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn wa. Lọ́jọ́ kan, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún wọn, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ rẹ̀ ká lórí kàlẹ́ńdà, mo sì gbé e kọ́ síbi tí wọ́n ti lè máa rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. N ò bá wọn jà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo ra bàtà àti aṣọ fún wọn, mo sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú, a sì dì mọ́ra. Títí dòní, a ṣì ń kíra wa lórí fóònù."

Ó yíjú sí ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ẹnikẹ́ni kì í di ẹrù tí a ò bá dá ọjọ́. Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà onílé báyìí pẹ̀lú ìbọn. Ó ń gbọ́ ìpe ìrun, kò lè wọlé lọ kírun. Àwọn ìyá níbẹ̀ ń fa ọmọ wọn wọlé tí wọ́n bá rí ọmọ tèmi. Mi ò bí i kí ìyá ẹlòmíì lè máa sá fún un. Ẹ dá ọjọ́ fún un, kó di ẹrù rẹ̀, kó wálé. Kí àwọn náà jókòó sínú ilé wọn."

Mo túmọ̀ èyí tó kẹ́yìn fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wo ilẹ̀. Aṣòfin dìde, ó rìn wá bá a, ó béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tó di oṣù Keje ni wọ́n dìbò lórí àbá náà. A jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ Ìyá Ikrimah, èmi àti òun àti Taofeek. Aṣòfin kúkúrú náà dìde, ó ní ìyá sójà kan ní Maryland ló kọ́ òun pé ẹnikẹ́ni kì í di ẹrù tí a ò bá dá ọjọ́. Taofeek fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sílẹ̀. Mo rí Ìyá Ikrimah tó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé wọ́n lè rí i láti inú tẹlifíṣọ̀n.

Àbá náà ò yege. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ. Mo bú gbogbo Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, mo bú ẹni tó kọ́ ilé fún wọn. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní, "Bàbá Humaira, ó ti wọ̀ wọ́n létí. Bọ̀dá Adékúnlé náà ò lọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́." Ó wá dìde lọ dáná.

Láti ọjọ́ yẹn lẹ́nu ọ̀nà, òfin kan wà nílé Ìyá Ikrimah: tó o bá kanlẹ̀kùn, o gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó ṣí i fún ọ. Gbogbo ọmọ àsàlátù ló mọ̀ ọ́n. Alhaji Gbádégẹṣin ń rín in. Aládùúgbò rẹ̀ náà ń rín in. Nínú oṣù Kẹwàá, ọjọ́ mọ́kànlá kọjá tí Ikrimah ò pè. A ò jẹ́ lọ sílé rẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn láìfi fóònù pè é lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejìlá, ọmọ náà pè. Wọ́n ti gé fóònù mọ́ wọn lọ́wọ́ torí pé wọ́n pa ẹnì kan nínú wọn, kí àwọn òbí ẹni náà lè kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ó sì tún sunkún fún ìyá ẹni tí wọ́n pa.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù Kọkànlá, lọ́sàn-án, fóònù mi dún.

"Uncle, it's Ikrimah. I'm at BWI. Ẹ má sọ fún Mommy o, I want to surprise her."

Mo sáré dé pápákọ̀ òfuurufú náà. Ó ti ga sí i, ó ti rù, ojú rẹ̀ ti dàgbà ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì lọ sílé tirẹ̀. Aṣọ sójà wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Mo dì í mọ́ra, n kò sì tètè fi í sílẹ̀. A gun àtẹ̀gùn dé ilẹ̀ kẹta, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé, Ikrimah sì gbé ọwọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni mo wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Sójà méjì nínú aṣọ iṣẹ́, lẹ́nu ọ̀nà ìyá sójà.

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni? Kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín!"

"Laugh? Uncle, why?"

Mo ṣàlàyé fún un ní wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbìyànjú, kò jáde. Mo rí i pé ẹkún ló fẹ́ wá, ẹkún ò sì gbọdọ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo wá sọ bí èmi àti Taofeek àti Alhaji Gbádégẹṣin ṣe dúró síbi tó dúró sí yẹn gan-an fún un, mo sì fi ẹnu mi ṣe ẹ̀rín Alhaji fún un, kú, kú, kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé Ikrimah, ẹ̀rín gidi, irú èyí tó máa ń rín nígbà tó wà ní kékeré tí ìyá rẹ̀ bá fi mọ́tò mi gbá nǹkan.

Nǹkan kan bọ́ lulẹ̀ ní kíṣìnnì. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sáré wá dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Kò yọjú wo ihò rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Ikrimah sọ láti inú ilé, "ẹ tún un rín."

Ikrimah tún un rín. Kò tíì rín in tán tí ìyá rẹ̀ fi ṣílẹ̀kùn.